Wíwá dark matter pẹ̀lú ìtànṣán gámà àti lẹ́ńsì òòfà

Lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá dark matter, ìyẹn ohun tó ní ìwọ̀n àmọ́ tí kò tàn, lójú ọ̀run, méjì wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tiro bó bá dá rìn. Àkọ́kọ́ ni lẹ́ńsì òòfà (òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀, gravity, kì í ṣe ti mágínẹ́ẹ̀tì): ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ máa ń tẹ̀ bó bá gba ẹ̀gbẹ́ ohun tó wúwo kọjá. Bí a bá wọn bó ṣe tẹ̀ tó, a ó mọ ìwọ̀n ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, yálà ohun náà ń tàn tàbí kò tàn. Èkejì ni ìtànṣán gámà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ ga jù lọ: bí èérún dark matter bá ń pàdé tí wọ́n sì ń pa ara wọn rẹ́, ó yẹ kí gámà jáde níbẹ̀. Lẹ́ńsì mọ ibi tí ìwọ̀n wà, kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Gámà lè fi irú èérún náà hàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló ń tú gámà jáde lójú ọ̀run, tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí i kò lè búra pé dark matter ni. Bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lónìí: kí a gbé máàpù gámà lé máàpù lẹ́ńsì, kí a wò ó bóyá wọ́n ń bára wọn rìn. Ó rọrùn láti sọ. Ibi tó ti lè bàjẹ́ ló pọ̀.

Ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gùn. Ní 1933, Fritz Zwicky wo eré tí àwọn agbo ìràwọ̀ ń sá nínú ìdìpọ̀ Coma, ó rí i pé eré náà pọ̀ ju ohun tí ìwọ̀n àwọn ìràwọ̀ tó hàn lè dì mú. Ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí Andromeda: gáàsì tó ń yí i po kò dẹ eré bí a ṣe ń jìnnà sí àárín. Sátẹ́láìtì Planck wá fi iye sí i. Nínú gbogbo ohun tó wà ní àgbáńlá-ayé, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ni èròjà tí a mọ̀, dark matter jẹ́ ìdá 27, dark energy, ohun tó ń mú kí àgbáńlá-ayé máa yára fẹ̀ sí i, ló kó ìyókù.

Gámà wọ ọ̀rọ̀ náà nítorí irú èérún kan tí wọ́n ń pè ní WIMP. Bí ó bá jẹ́ èérún tó wúwo, láti GeV mélòó kan dé TeV mélòó kan (GeV ni òṣùwọ̀n agbára àti ìwúwo èérún; TeV 1 jẹ́ GeV 1,000, MeV 1,000 sì jẹ́ GeV 1), tó sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí àgbáńlá-ayé ṣì gbóná, iye tó ṣẹ́kù lónìí so mọ́ bí ó ṣe ń yára pa ara rẹ̀ rẹ́ tó nígbà náà. Kí ó lè ṣẹ́kù tó iye tí Planck wọ̀n, ⟨σv⟩ rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń yára pa ara rẹ̀ rẹ́, gbọ́dọ̀ wà ní àyíká 2 sí 3 × 10⁻²⁶ cm³ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ẹni tó ń wá gámà ń fojú sùn. Ohun èlò tó bá lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan, ti ní ẹ̀tọ́ láti yọ èérún onírú ìwúwo bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwọn tí a ń fura sí.

Kí èérún méjì tó lè pàdé, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kún. Nítorí náà, gámà ń tẹ̀lé ρ², kì í ṣe ρ (ρ ni bí ibì kan ṣe kún tó): ibi tó bá kún ju ibòmíràn lọ ní ìlọ́po 10 yóò tàn jù ú lọ ní ìlọ́po 100. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni èérún náà ń tú ká fúnra rẹ̀ láìpàdé ẹnikẹ́ni, ρ lásán ni gámà rẹ̀ yóò tẹ̀lé. Lẹ́ńsì náà, ρ ló ń tẹ̀lé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan kí ó lè hàn bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Iye fótónì, ìyẹn èérún ìmọ́lẹ̀, tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ibì kan ni ⟨σv⟩ ÷ (8π m²) × N × J. m ni ìwúwo èérún náà, N ni iye fótónì tí ìpàdé kan ń tú jáde, J sì ni àròpọ̀ ρ² lórí gbogbo ọ̀nà láti ibí dé ibẹ̀. Àwọn agbo ìràwọ̀ kéékèèké tó ń yí tiwa po, bíi Draco àti Segue 1, ni wọ́n mọ́ jù láti wò, nítorí pé kò sí gáàsì nínú wọn, ìràwọ̀ wọn sì ti gbó. J wọn wà ní àyíká 10¹⁹ GeV² cm⁻⁵. Ká ní m jẹ́ 100 GeV, ⟨σv⟩ jẹ́ 3 × 10⁻²⁶, ìpàdé kọ̀ọ̀kan sì ń tú fótónì 10 tó ju 1 GeV lọ jáde. Ohun tí a ó rí ni nǹkan bí 1.2 × 10⁻¹¹ fótónì lórí cm² kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LAT, ohun èlò tó wà lórí sátẹ́láìtì Fermi, ń kó nǹkan bí 4 × 10¹⁰ cm² s jọ lọ́dún kan fún ibì kan lójú ọ̀run. Ẹ sọ ọ́ di ọdún 10, ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀: fótónì 5 péré. Fótónì 5 láàárín ọdún 10, tí gámà mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bò ó mọ́lẹ̀! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn agbo kékeré wọ̀nyí pọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2015, àwọn Fermi kó 15 pọ̀ pẹ̀lú dátà ọdún 6, wọ́n kò rí nǹkan kan, wọ́n sì fi ìyẹn yọ èérún tó fúyẹ́ ju nǹkan bí 100 GeV lọ kúrò, bó bá jẹ́ quark b tàbí tau, oríṣi èérún méjì, ló ń dà nígbà tó bá pa ara rẹ̀ rẹ́.

Àárín agbo ìràwọ̀ tiwa tàn ju ìyẹn lọ fíìfíì, àmọ́ ibẹ̀ ló dọ̀tí jù. Lisa Goodenough àti Dan Hooper ti tọ́ka sí àlékún gámà kan níbẹ̀ láti 2009, tí ó ga jù ní àyíká 1 sí 3 GeV. Dark matter lè ṣe irú ìyẹn. Pulsar, ìyẹn òkú ìràwọ̀, tó ń yí ní ìgbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà lè ṣe é, nítorí pé gámà tiwọn náà ga ní ibi kan náà tí ó sì ń já wálẹ̀ lẹ́yìn GeV mélòó kan. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ní 2012, ariwo sọ nípa ìlà kan ní 130 GeV, ìyẹn gámà tó kó jọ sí agbára kan ṣoṣo. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn, àfi ìgbà tí wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ nínú gámà tó ń ti etí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ayé wá, níbi tí kò ti sí dark matter kankan láti sọ. Bí dátà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà náà ń ṣá.

Ohun tó kù ni kí a gbàgbé ibi kan pàtó, kí a wo gbogbo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo orísun gámà tí a dá mọ̀ kúrò, gámà kan ṣì kù tó tàn káàkiri, tí a kò mọ ọlọ́jà rẹ̀. Bí dark matter bá ń tú gámà jáde, gbogbo ìdìpọ̀ rẹ̀ ní àgbáńlá-ayé ló ní ìpín nínú rẹ̀. Ibi tí lẹ́ńsì bá sọ pé ìwọ̀n pọ̀ sí, ibẹ̀ ló yẹ kí gámà yẹn fi díẹ̀ pọ̀ sí.

Ìmúrasílẹ̀ máàpù gámà

Wọ́n fi Fermi ránṣẹ́ sókè ní 11 oṣù kẹfà 2008. Kò sí díńgí tó lè kó gámà irú èyí jọ sójú kan, ńṣe ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. LAT ń jẹ́ kí fótónì kọlu tungsten kí ó lè di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti pọ́sítírọ́ọ̀nù kan, lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà sílíkọ́nì yóò tọ ipasẹ̀ méjèèjì. Òpó 16 ni wọ́n tò ní 4 sí 4. Ìpele sílíkọ́nì 18 ló wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, tungsten sì wà lórí 16 nínú wọn. Lábẹ́ wọn ni kírísítálì cesium iodide 1,536 tó ń wọn agbára. Ike amútàn 89 ló bo gbogbo rẹ̀. Bí èérún tó ní iná lára bá wọlé, ike náà á tàn. Bí fótónì bá wọlé, kò ní tàn. Bí wọ́n ṣe ń lé cosmic ray, èérún oníná tó ń já wá láti òfuurufú, dànù nìyẹn, wọ́n sì pọ̀ ju fótónì lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Tungsten ìpele 12 tó wà lókè tín-ín-rín, ti 4 tó wà nísàlẹ̀ nípọn. Tungsten tó nípọn máa ń mú fótónì púpọ̀ sí i, àmọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á máa forí gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ní rántí ibi tí fótónì ti wá mọ́. Agbára kékeré ló ń jìyà èyí jù. Ní 100 MeV, àyíká tó fẹ̀ tó dígírì 5 ni LAT lè fi ibi tí fótónì ti wá sí, fún ìdá 68 nínú 100 wọn. Ní 1 GeV, ó di nǹkan bí dígírì 0.8. Lókè 10 GeV, ó sún mọ́ dígírì 0.1. Òṣùpá fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó dígírì 0.5, kí ẹ lè fi wé e. Agbára gíga ló ń ríran kedere, agbára kékeré ló ní fótónì púpọ̀. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè ní méjèèjì.

Dátà náà àti Fermitools tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fún gámà tó tàn káàkiri, mi ò ní lo evclass=128 (evclass ni bí wọ́n ṣe ṣa fótónì mọ́ tó) tí gbogbo ayé ń lò fún orísun kọ̀ọ̀kan; 1024, ìyẹn ULTRACLEANVETO, ló dára. Ó máa ń sọ fótónì díẹ̀ nù, ṣùgbọ́n cosmic ray tó bá yọ́ wọlé máa ń tàn káàkiri gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wá gan-an, kò sì sí ọ̀nà tí a ó fi yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Nínú gtselect, irinṣẹ́ tó ń ṣa fótónì, ẹ fi zmax (bí fótónì ṣe lè jìnnà sí òkè orí tó, ní dígírì) sí 90, nítorí pé cosmic ray ń kọlu afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ayé, etí rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ gan-an nínú gámà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gtmktime, tó ń ṣa àkókò tó dára, pẹ̀lú (DATA_QUAL>0)&&(LAT_CONFIG==1), kí a sì tó dé gtltcube, tó ń ṣírò àkókò tí a fi wo ibì kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á fi zmax sí gtselect, wọn ò ní fi sí gtltcube. Kò sí ohun tí yóò kígbe síta. Iṣẹ́ á parí, máàpù á jáde, àmọ́ ìwọ̀n àkókò tí a fi wo ojú ọ̀run á ju bó ṣe yẹ lọ, gámà á sì kéré ju bó ṣe yẹ, kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo.

Ẹ tún kíyè sí 16 oṣù kẹta 2018. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀kan nínú apá ìgbà-oòrùn Fermi há. Wọ́n yí bí sátẹ́láìtì náà ṣe ń mi orí padà, nítorí náà ẹni tó bá pín dátà sí ọdún-ọdún láìṣe gtltcube tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò rí ìyípadà tí kò sí lójú ọ̀run rárá.

Bí a bá lo HEALPix, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín ojú ọ̀run sí píkísẹ́lì ọgbọọgba, tí nside (òṣùwọ̀n bí ó ṣe pín wẹ́wẹ́ tó) rẹ̀ jẹ́ 1024, píkísẹ́lì 12,582,912 ló máa wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí dígírì 0.06. A ó bo ibi tó wà láàárín dígírì 30 sí ìlà agbo ìràwọ̀ tiwa mọ́lẹ̀. A ó bo gbogbo orísun tó wà nínú àkójọ 4FGL, tí ó ju 5,000 lọ. Bí a ṣe máa bo ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé agbára àti bí orísun náà ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí a bá lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo agbára, yálà kí etí orísun ńlá yọ jáde ní 1 GeV, tàbí kí a sọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀run nù lásán ní 50 GeV. Gámà tí gáàsì àti ìràwọ̀ inú agbo tiwa ń dá, a ó fi àwòṣe gll_iem_v07 yọ ọ́. Kò ní lọ tán. Àmọ́ gáàsì tó wà nílé wa kò mọ ohunkóhun nípa agbo ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa, nítorí náà ó ń fi ariwo kún un ni, kò lè fúnra rẹ̀ dá ìbárìn èké sílẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi gbà pé lẹ́ńsì sàn ju kíka iye agbo ìràwọ̀ lọ: eruku inú agbo tiwa ń ṣókùnkùn bo àwọn agbo tó wà lẹ́yìn, eruku kan náà sì ń bá gáàsì tó ń tú gámà rìn. Ẹni tó bá ń ka iye agbo lè bá ìbárìn pàdé tó jẹ́ eruku lásán. Eruku lè dín iye wọn kù, kò lè fà wọ́n gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Apá ti lẹ́ńsì

Òòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá fara kan etí rẹ̀ ní 1.75 nínú ìdá 3,600 dígírì kan. Ohun tí wọ́n lọ wọ̀n nìyẹn nígbà tí òòrùn wọ òkùnkùn ní 1919. Èyí tí a nílò níbí kéré gan-an, kì í ṣe ipò agbo ìràwọ̀ ni a sì ń wọ̀n, ìrísí wọn ni. Bí èèyàn bá gbé ìdí ife gíláàsì lé ìwé tó ń kà, lẹ́tà á gùn yí etí ife náà ká. Bẹ́ẹ̀ ni agbo ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n ńlá ṣe ń gùn díẹ̀ yí ìwọ̀n náà ká. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí agbo ìràwọ̀ tó rí roboto láti ilẹ̀ wá. Ìrísí àdánidá wọn ń fo síhìn-ín sọ́hùn-ún tó nǹkan bí 0.3, lẹ́ńsì sì ń fi 0.01 kún un nítòsí ìdìpọ̀ ńlá, ó sì kéré sí ìyẹn gidigidi níbòmíràn. Ariwo náà ń lọ sílẹ̀ ní 0.3/√N, tí N níbí jẹ́ iye agbo ìràwọ̀. Kí ó tó dé 0.01, a nílò agbo 900. Kí ó tó dé 0.0001, a nílò mílíọ̀nù 9.

Ìdí nìyẹn tí DES fi wúlò. Dark Energy Survey ni, ìwádìí tó fi kámẹ́rà onípíkísẹ́lì mílíọ̀nù 570 ya ojú ọ̀run, lórí awò ìwòràwọ̀ Blanco tí díńgí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4 ní Cerro Tololo, ní Chile. Láti 2013 sí 2019, ó ya nǹkan bí 5,000 dígírì onígun mẹ́rin nínú ojú ọ̀run gúúsù. Àkójọ ìrísí ọdún 3 àkọ́kọ́ rẹ̀ ní agbo ìràwọ̀ tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 100.

Afẹ́fẹ́ àti awò ìwòràwọ̀ fúnra wọn ń na àwòrán, nínà náà sì pọ̀ ju ti lẹ́ńsì lọ. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ó ṣe nà tó, nítorí pé ojú kan tó tín-ín-rín ni ìràwọ̀ yẹ kó jẹ́. Ọgbọ́n yìí ní ihò kan. Nínú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti kó jọ sínú píkísẹ́lì kan máa ń ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an á sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá fi ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tún agbo ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn ṣe á tún un ṣe kọjá ààlà. A gbọ́dọ̀ yọ àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù kúrò, kí a sì ṣe àtúnṣe fún ìyókù.

Ọ̀nà tí DES gbà láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n wọn péye dùn mọ́ mi: wọ́n á mú àwòrán gidi, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn nà án ní 0.01 sí ọ̀tún àti sí òsì, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ìdáhùn bá yí padà ní 0.007 dípò 0.01, a ti mọ iye tí a ó fi pín in. Metacalibration lorúkọ rẹ̀. Ibi tí kò tó ni ti agbo ìràwọ̀ méjì tó gorí ara wọn, tí kọ̀ǹpútà kà sí ọ̀kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá súnmọ́ wa tí èkejì sì jìnnà, lẹ́ńsì nà wọ́n lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínà kan náà tí a fọwọ́ ṣe kò sì lè fi ìyẹn hàn.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà tún wà. Agbo ìràwọ̀ tó wà níwájú ìwọ̀n kì í nà rárá, nítorí náà bí a bá ṣi èyí tó wà níwájú fi sẹ́yìn, agbára àmì á dín kù. Wọ́n kò lè ya ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 100 agbo sí wẹ́wẹ́, asẹ́ àwọ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n redshift, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ agbo ṣe sún sí pupa tó, tó ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó. Agbo tó wà ní redshift 0.2 tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ ní 4000 Å lè jọ èyí tó wà ní redshift 3 tí haidirójìn ti gé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ wọn lè sún mọ́ra débi pé ẹni tó bá ní asẹ́ díẹ̀ kò lè fi wọ́n hàn yàtọ̀.

Síso wọ́n pọ̀

Ìṣirò tó so méjèèjì pọ̀ kúrú. Ẹ mú píkísẹ́lì gámà kan. Ẹ wo gbogbo agbo ìràwọ̀ tó wà ní igun θ kan sí i (bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó lójú ọ̀run), ẹ wá ìpíndọ́gba bí wọ́n ṣe gùn yí i ká, kí ẹ sì fi iye gámà píkísẹ́lì náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ṣe é fún gbogbo píkísẹ́lì, fún oríṣiríṣi θ, fún oríṣiríṣi agbára, fún oríṣiríṣi redshift. TreeCorr, ètò kọ̀ǹpútà kan, lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan láìpẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú píkísẹ́lì tí a ṣà bó ṣe wù wá nínú ibi kan náà, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́, nítorí pé etí ibi tí a bò mọ́lẹ̀ máa ń fi nínà èké wọlé.

Àyẹ̀wò tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú ìwé ẹnikẹ́ni ni ti nínà tó yí dígírì 45 kúrò lójú ọ̀nà. Òòfà kò lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí kò bá jẹ́ òdo, kò sí ìdí láti ka ojú ìwé tó tẹ̀lé e. Ìkejì ni bí wọ́n ṣe ṣírò àṣìṣe: LAT ń fọ́n fótónì kan ká dé θ púpọ̀, nítorí náà àwọn ojú àmì tó tẹ̀léra wọn lórí àwòrán kì í dá dúró. Ẹni tó bá fojú wo ojú àmì 6 tó ga ju òdo lọ tó sì kà á sí ẹ̀rí 6 ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Stefano Camera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ọ̀nà yìí lábàá ní 2013. Ní 2014, àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú CFHTLenS, àkójọ lẹ́ńsì mìíràn tí kò ju 154 dígírì onígun mẹ́rin lọ, wọn kò rí nǹkan kan. Ní 2020, àwọn DES àti Fermi rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú dátà ọdún 1 ti DES àti ọdún 9 ti Fermi: àmì náà ju ariwo lọ ní ìlọ́po 5.3. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú dátà ọdún 3 ti DES, ó di 8.9.

Ẹ má tíì pariwo dark matter. Ní 2020, ibi tí θ kéré tí agbára sì ga ni àmì náà ti pọ̀ jù. Blazar ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ihò dúdú ńlá tó wà láàárín agbo ìràwọ̀, tó na ọwọ́ iná rẹ̀ tààrà sí wa. Blazar jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ó wà nínú ìwọ̀n ńlá, nítorí náà ó ń bá lẹ́ńsì rìn láìjẹ́ dark matter fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ́lẹ̀ ti wà nínú 4FGL, a ti bò wọ́n. Àwọn tó ṣókùnkùn ṣì wà nínú máàpù. Ó tún túmọ̀ sí pé bí àkójọ orísun bá gùn sí i, àmì á yí padà. Ẹni tó bá fi èsì méjì wéra láìwò bóyá àkójọ kan náà ni wọ́n fi bo orísun ń fi ọsàn wé ìgbá. Nínú èsì 8.9, ibi tí θ tóbi ló gbé ọ̀pọ̀ agbára àmì, àwọn blazar tí a ti dá mọ̀ kò sì tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrètí wà, ibẹ̀ náà ni ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ wà, nítorí agbo ìràwọ̀ tó ń bí ìràwọ̀ tuntun àti ihò dúdú tí ọwọ́ iná rẹ̀ kò kọjú sí wa lè wà níbẹ̀.

Bí a ṣe lè yà wọ́n: redshift ló mú jù lójú tèmi. Gámà dark matter tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ ń ti itòsí wá jù, níbi tí ìdìpọ̀ ti kún tí ó sì ti gbó. Blazar ń bá a lọ dé àyíká redshift 1. Bí a bá pín agbo ìràwọ̀ sí ìpele redshift, àmì méjèèjì yóò ga ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Agbára náà ń ràn wá lọ́wọ́: gámà dark matter kò lè kọjá ìwúwo èérún rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ síbì kan, nígbà tí ti blazar ń yọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. θ nìkan kò tó.

Ẹ rántí ρ àti ρ². Lẹ́ńsì ń sọ ìwọ̀n fún wa, gámà ń béèrè bí ìwọ̀n náà ṣe pín sí wẹ́wẹ́. Bí ìdìpọ̀ kan bá ní ọ̀pọ̀ kókó kéékèèké nínú, gámà rẹ̀ á pọ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ láìjẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ààlà tí ẹnikẹ́ni bá fà sórí ⟨σv⟩ láti ọ̀nà yìí so mọ́ ohun tó gbà nípa àwọn kókó kékeré wọ̀nyẹn, ó sì yẹ kí a béèrè kí a tó gbà á gbọ́. Lẹ́ńsì alágbára, èyí tó ń ya agbo kan sí òrùka tàbí àwòrán mẹ́rin, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn: nínú B1938+666, Simona Vegetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kókó òkùnkùn kan ní 2012 tó wúwo tó mílíọ̀nù 190 òòrùn. Ìyẹn ṣì tóbi jù. Àwọn tó kéré sí i ló ń pinnu.

Ibì kan wà tí gámà àti lẹ́ńsì ti pàdé láìsí ìṣirò ìbárìn kankan, mi ò lè fò ó. Blazar B0218+357 ní agbo ìràwọ̀ kan níwájú rẹ̀ tó yà á sí àwòrán méjì. Wọn kò jìnnà síra ju ìdá mẹ́ta kan nínú ìdá 3,600 dígírì lọ, LAT kò sì lè yà wọ́n láéláé. Àmọ́ ọ̀nà méjèèjì kò gùn bákan náà. Nígbà tí blazar náà bú jáde ní 2012, Fermi rí gámà náà, ó sì tún rí ohun kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ 11.5 lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2014, wọ́n ti mọ ọjọ́ tí àwòrán kejì máa dé. Àwọn MAGIC, awò ìwo gámà ní La Palma, tí wọ́n ti ń dúró dè é sì rí i.

Ohun tó ń bọ̀ ni Euclid, awò ìwòràwọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní 1 oṣù keje 2023, àti awò ìwòràwọ̀ Rubin ní Cerro Pachón, ní Chile, tí díńgí rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4. Euclid kò ní afẹ́fẹ́ láti bá jà, àmọ́ asẹ́ rẹ̀ fún ìrísí gbòòrò, láti nǹkan bí 550 sí 900 nm, nínà awò rẹ̀ sì ń yí padà pẹ̀lú àwọ̀. Àwọ̀ ìràwọ̀ tí a fi ń tún un ṣe kò sì bá ti agbo ìràwọ̀ mu, nítorí náà àwọ̀ agbo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, láti inú àwòrán tí awò orí ilẹ̀ yà. Rubin ní ìṣòro tó kọjú sí ìyẹn: àwòrán rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí agbo ìràwọ̀ púpọ̀ máa gorí ara wọn. Ní ti gámà, kò sí ohun èlò kankan lókè báyìí tó lè rọ́pò LAT ní ibi tí LAT ti ń ríran, nítorí náà agbo ìràwọ̀ ló máa pọ̀ sí i nínú ìṣirò yìí, fótónì á kàn máa wọlé ní ìwọ̀n tó ti ń wọlé láti 2008.